Kí Ni Ó Ké Lánàá? Ọ̀rọ̀ Nípa Hẹlikópítà Tí Irin Rẹ̀ Kọṣẹ́ Lójú Òfuurufú

 

Kò sí ẹni tí ó ń gbé ní agbègbè yìí tí kò mọ ìró hẹlikópítà. Bí ọmọdé bá gbọ́ ọ, yóò sáré jáde síta láti wo òkè. Bí àgbàlagbà tí ọmọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lórí òkun bá gbọ́ ọ, yóò dákẹ́ díẹ̀ títí ìró náà yóò fi kọjá lọ. Ìyá kan nínú àwọn ará wa ní Aladja, tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin máa ń wọ hẹlikópítà lọ síbi iṣẹ́ epo rọ̀bì, dá mi dúró lẹ́yìn Mísà ní ọjọ́ kan, ó sì bi mí léèrè pé: "Fadá, bí nǹkan yìí bá já bọ́, ṣé àmúwá Ọlọ́run ni, àbí ọwọ́ ayé?" N kò dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Mo sọ fún un pé n óò lọ ronú sí i. Ọ̀rọ̀ òní ni èsì tí mo jẹ ìyá náà.

Kí a tó gbé ojú sókè, ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀, nínú Aladja fúnra rẹ̀. Ìlú àwọn Urhobo ní ilẹ̀ Udu ni Aladja, ṣùgbọ́n irin ni ó sọ orúkọ rẹ̀ di mímọ̀ káàkiri Nàìjíríà. Ní ọdún 1982, nígbà ìjọba Ààrẹ Shehu Shagari, ni a ṣí ilé iṣẹ́ irin ńlá tí a ń pè ní Delta Steel Company ní Ovwian-Aladja. Ètò tí ìjọba ṣe ni pé kí a máa yọ́ irin níhìn-ín, kí a sọ ọ́ di ọ̀pá gbọọrọ, kí a sì máa kó o lọ sí àwọn ilé iṣẹ́ tí ń fa irin ní Òṣogbo, Jos àti Katsina. Nítorí náà, ẹ má ṣe rò pé Aladja jìnnà sí ilẹ̀ Yorùbá tó bẹ́ẹ̀. Okùn irin kan ti so ó mọ́ Òṣogbo tipẹ́tipẹ́, àwọn kan nínú àwọn baba tí ó jókòó nínú ìjọ wa lónìí sì jẹ́ ẹni tí ilé iṣẹ́ náà pè wá.

Ọ̀kan nínú àwọn baba wọ̀nyí, tí ó ti fẹ̀yìn tì, ni ó kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ kan tí n kò rí kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ àlùfáà. Ó mú wáyà kékeré kan, ó tẹ̀ ẹ́ síwájú, ó tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn. Wáyà kò ṣẹ́. Ó ń tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ, kò lo agbára ju ti àkọ́kọ́ lọ, títí wáyà fi pín sí méjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá ní: "Fadá, irin kì í dédé kú. Àárẹ̀ ni ó máa ń mú un. Ẹrù tí ó gbé lẹ́ẹ̀kan tí kò ṣe é ní nǹkan kan, bí ó bá gbé e ní àìmọye ìgbà, ara rẹ̀ yóò sán níbì kan. Sísán náà yóò máa gùn díẹ̀díẹ̀, ojú kò ní í rí i, títí ọjọ́ tí yóò fi ṣẹ́." Mo wádìí ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn náà, mo sì rí i pé àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ pàápàá, àárẹ̀ gan-an ni wọ́n ń pè é ní èdè tiwọn. Àwọn baba wa sì ti sọ pé bí ogiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ inú rẹ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ irin tí ó ń ṣàárẹ̀ yìí sọ́kàn, nítorí òun ni yóò tọ́ wa sọ́nà.

Báwo ni hẹlikópítà ṣe dé ọ̀dọ̀ wa? Igor Sikorsky, ẹni tí a bí ní ìlú Kiev ní ọdún 1889 tí ó sì kó lọ sí Amẹ́ríkà, ni ó gbé irú rẹ̀ kan dìde kúrò nílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Connecticut ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án 1939. Lọ́jọ́ náà, okùn ni wọ́n fi so ẹ̀rọ náà mọ́lẹ̀, bí ẹní so àgbò, kí ó má baà bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ní ọdún 1956 ni a rí epo rọ̀bì ní Oloibiri. Nígbà tí iṣẹ́ epo bẹ̀rẹ̀ sí í tàn ká inú àbàtà àti ẹsẹ̀ odò ilẹ̀ wa yìí, títí dé Forcados àti Escravos, tí ó sì tún wọ inú òkun lọ, ọkọ̀ ojú omi nìkan kò tó mọ́. Hẹlikópítà ni ó di ọkọ̀ àwọn òṣìṣẹ́, bí bọ́ọ̀sì ti jẹ́ ọkọ̀ àwọn oníṣòwò. Ohun tí ó jẹ́ àrà ní ojú àwọn baba wọn di ohun tí àwọn ọmọ ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́.

Ó yẹ kí a mọ bí ó ti ń fò, kí a lè mọ bí ó ti ń ṣubú. Ìyẹ́ bàálù dúró gbọin lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n abẹ̀bẹ̀ tí ó ń yí lórí hẹlikópítà ni ìyẹ́ tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí ẹ́ńjìnnì bá kú lókè, ó parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń gbé òṣìṣẹ́ lọ sórí òkun ní ẹ́ńjìnnì méjì, ọ̀kan sì lè gbé e délé. Bí méjèèjì bá tilẹ̀ kú, afẹ́fẹ́ tí ó ń fẹ́ láti ìsàlẹ̀ bí ọkọ̀ náà ti ń sọ̀ kalẹ̀ yóò máa yí abẹ̀bẹ̀ náà, bí èso igi tí ó ní ìyẹ́ ti í máa yí bọ̀ láti orí igi, awakọ̀ tí ó mọṣẹ́ sì lè rọra gbé e balẹ̀. Àmọ́ àwọn ohun kan wà lára rẹ̀ tí kò ní èkejì. Abẹ̀bẹ̀ orí rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan. Gíábọ́ọ̀sì tí ó kún fún eyín irin, tí ó ń gba agbára lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì láti fi yí abẹ̀bẹ̀, jẹ́ ọ̀kan. Àwọn ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń gbé àṣẹ awakọ̀ lọ sára abẹ̀bẹ̀ àti sí ìrù, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n. Bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá ṣẹ́, awakọ̀ tí ó gbọ́n jù lọ láyé kò ní ohun tí yóò fi ọwọ́ mú. Àwọn mẹkáníìkì Amẹ́ríkà mọ èyí tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi orúkọ Jésù pe nọ́ọ̀tì ńlá tí ó de abẹ̀bẹ̀ mọ́ orí irú àwọn hẹlikópítà kan. Wọn kò fi í ṣe ọ̀rọ̀ òdì. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé bí nọ́ọ̀tì yẹn bá tú, àdúrà nìkan ni ó kù.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a lọ sí Èkó. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ 2015, hẹlikópítà kan tí ó jẹ́ ti ilé iṣẹ́ Bristow Helicopters, irú èyí tí a ń pè ní Sikorsky S-76C, ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ epo lórí òkun. Ènìyàn 12 ni ó wà nínú rẹ̀: awakọ̀ 2 àti èrò 10. Pápá ọkọ̀ òfuurufú Ìkẹjà ni wọ́n ń lọ, wọ́n sì ti rí Èkó lọ́ọ̀ọ́kán. Ojú ọ̀sà ní Òwòròǹṣókí ni ọkọ̀ náà já sí ní ọ̀sán. Àwọn ará àdúgbò tí ó wà létí omi wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ sáré lọ yọ àwọn ènìyàn. Ènìyàn 6 ni a yọ láàyè, ènìyàn 6 ni ó kú, àwọn awakọ̀ méjèèjì sì wà nínú àwọn tí ó kú. Kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹnìkan yóò ní wọ́n ti lá àlá rẹ̀. Ẹnìkan yóò ní àfọwọ́fà ni. Ẹnìkan yóò ní bí àkókò bá tó, kò sí ẹni tí í yẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn olùwádìí ìjàm̀bá ọkọ̀ òfuurufú ti orílẹ̀-èdè wa gbé àfọ́kù ọkọ̀ náà jáde nínú omi, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun tí wọ́n rí tọ́ka sí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, èyí tí ń gbé àṣẹ awakọ̀ lọ síbi tí a ti ń darí ọkọ̀. Ó yẹ kí ọ̀pá náà so mọ́ orí rẹ̀ gírígírí, kí nọ́ọ̀tì kékeré kan sì há a mọ́ ibẹ̀, kí ó má lè yí, kí ó má lè tú. Ọ̀pá àti orí rẹ̀ ti pínyà. Ohun tí ènìyàn lè gbé sínú àtẹ́lẹwọ́ ni a ń sọ yìí. Bí ó ti tú, àṣẹ awakọ̀ kò dé ibi tí ó ń lọ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó tẹ̀lé e, nítorí òun gan-an ni ó mú mi yan ọ̀rọ̀ yìí. Kí oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015 kan náà tó parí, ilé iṣẹ́ Sikorsky ti kọ ìwé ìkìlọ̀ sí àwọn tí ó ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, àjọ FAA tí ń mójútó ọkọ̀ òfuurufú ní Amẹ́ríkà sì ti pa àṣẹ pàjáwìrì pé kí a yẹ irú àwọn ọ̀pá bẹ́ẹ̀ wò pẹ̀lú nọ́ọ̀tì wọn. Wọ́n ní kí a wò ó bí àlàfo bá wà níbi tí kò yẹ kí àlàfo wà, kí a sì wo àmì ọ̀dà tí a fi ń mọ̀ bóyá nọ́ọ̀tì ti yí kúrò ní ipò rẹ̀. Ẹ ronú sí i. Láti ọ̀sà Òwòròǹṣókí, ní nǹkan bí oṣù kan péré, ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀tì kan ti dé etí àwọn mẹkáníìkì ní ilẹ̀ òkèèrè. Bóyá ẹnìkan wà tí ó ń jẹun alẹ́ pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ lónìí nítorí pé mẹkáníìkì kan tan iná tọ́ọ̀ṣì sí ibi tí kì bá tí wò. Ẹni náà kò mọ̀, kò sì ní í mọ̀ láé. Àwọn 6 tí ó kú ní Èkó ni ó jẹ ní gbèsè.

Kì í ṣe Èkó nìkan ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀. Àwọn tí ń wa epo ní Òkun Àríwá, láàárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Norway, ti sọkún tiwọn. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kọkànlá 1986, eyín irin kan fọ́ nínú gíábọ́ọ̀sì hẹlikópítà ńlá kan nítòsí Sumburgh ní erékùṣù Shetland. Nínú ènìyàn 47, àwọn 45 ni ó kú.

Ní ọjọ́ 16 oṣù Keje 2002, hẹlikópítà S-76A kan já sínú òkun ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbogbo ènìyàn 11 tí ó wà nínú rẹ̀ sì kú. Abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ kan ni ó ṣẹ́. Nígbà tí àwọn olùwádìí tọ ipasẹ̀ abẹ̀bẹ̀ náà padà sẹ́yìn, wọ́n rí i pé àrá ti sán lù ú ní ọdún 1999. Ní ilẹ̀ wa, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ì bá ti parí, nítorí pé bí àrá bá sán lu ilé, ta ni yóò tún béèrè ohun mìíràn? Ìwádìí ti àwọn wọ̀nyí kò dúró níbẹ̀. Wọ́n béèrè ohun tí àrá náà ṣe sí irin. Wọ́n rí i pé ooru rẹ̀ ti dá ọgbẹ́ kékeré kan sínú irin abẹ̀bẹ̀ náà, níbi tí ojú kò lè dé. Pé àbùkù kan ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí a ti ṣe é, tí ó jẹ́ kí ọgbẹ́ náà burú sí i. Àti pé a ti dá abẹ̀bẹ̀ náà padà sọ́dọ̀ àwọn tí ó ṣe é lẹ́yìn àrá, tí wọ́n tún un ṣe, tí wọ́n sì fi í ránṣẹ́ padà láti máa fò. Láti inú ọgbẹ́ yẹn ni àárẹ̀ irin ti bẹ̀rẹ̀, ó sì gba nǹkan bí ọdún mẹ́ta kí ó tó parí iṣẹ́ rẹ̀. Àrá sán lóòótọ́. Àmọ́ a ti gbé abẹ̀bẹ̀ náà wá sórí tábìlì, a ti wò ó, a kò sì rí ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Èyí tí ó tún ká mi lára jù ni ti ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin 2009. Hẹlikópítà Super Puma kan ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ epo, ó ń lọ sí Aberdeen ní Skọ́tílándì. Nítòsí Peterhead, gíábọ́ọ̀sì rẹ̀ fọ́, abẹ̀bẹ̀ yọ kúrò lórí rẹ̀, gbogbo ènìyàn 16 sì ṣègbé. Òòfà kékeré kan máa ń wà nínú irú gíábọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú èérún irin tí ó bá bọ́ lára eyín, kí àwọn mẹkáníìkì lè mọ̀ pé nǹkan kan ń jẹ irin nínú lọ́hùn-ún. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹta, ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ìjàm̀bá náà, òòfà yẹn mú èérún irin kan. Wọ́n rí i. Wọ́n kàn sí àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ náà. Ṣùgbọ́n àìgbọ́ra-ẹni-yé wà láàárín àwọn méjèèjì, a kò sì tú apá ibi tí èérún náà ti wá palẹ̀ láti wo inú rẹ̀. Ọkọ̀ ń fò lọ.

Ẹ̀yin ará mi, gbogbo wa ni a mọ òwe tí ó ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí; ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ni ó pa ọmọ jẹ? Ìyá arúgbó mélòó ni a ti fi òwe yìí lé kúrò nílé? Mélòó ni a ti fi bà lórúkọ jẹ́, tí wọ́n sì kú láìjẹ ẹ̀ṣẹ̀ kankan? Síbẹ̀, bí a bá tẹ́tí sí òwe náà dáadáa, ọgbọ́n wà nínú rẹ̀. Ó ń sọ pé ibi kì í dé láìní ìkìlọ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn, ẹ béèrè ohun tí ó ké. Ní Peterhead, èérún irin ni ó ké. Ó ké ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹta, ọmọ kú ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin. Ìbéèrè tí òwe náà yẹ kí ó máa fi sí wa lẹ́nu ni pé: kí ni ó ké lánàá, ta ni ó gbọ́ ọ, kí ni ẹni náà sì ṣe sí i?

N kò ní í parọ́ fún yín pé irin máa ń ké nígbà gbogbo. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹrin 2016, abẹ̀bẹ̀ hẹlikópítà mìíràn yọ kúrò lórí rẹ̀ nítòsí erékùṣù Turøy ní Norway, ènìyàn 13 sì kú. Eyín irin inú gíábọ́ọ̀sì ni ó ṣàárẹ̀ níbẹ̀ náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dàbí ti Peterhead. Lọ́tẹ̀ yìí, òòfà kò rí ohun tí yóò fi ké, nítorí sísán náà wọ inú irin lọ láìjẹ́ kí èérún tó pọ̀ bọ́ sílẹ̀. Bákan náà ni ti ọjọ́ 27 oṣù Kẹwàá 2018 ní Leicester, nígbà tí hẹlikópítà ẹni tí ó ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú náà dìde láti inú pápá, tí bẹ́ríǹ kan ní ìrù rẹ̀ sì gan. Bí ó ti gan, ó ń yí ọ̀pá tí kò yẹ kí ó yí, ó tú nọ́ọ̀tì rẹ̀, ọkọ̀ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ara rẹ̀ pòòyì bí òkòtó. Ènìyàn 5 ni ó kú. Nígbà tí irin kò bá ké, kì í ṣe mẹkáníìkì nìkan ni ọ̀rọ̀ kàn. Ó kan ẹni tí ó ya àwòrán ẹ̀rọ náà àti ẹni tí ó fi àṣẹ sí i pé ó dára, kí wọ́n wá ọ̀nà mìíràn tí ohun tí ó dákẹ́ yóò fi máa sọ̀rọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni, kì í ṣe gbogbo ìjàm̀bá ni irin fà. Nígbà tí Herbert Wigwe, olórí Access Holdings, àti àwọn 5 mìíràn kú nínú hẹlikópítà ní aginjù Mojave ní Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 9 oṣù Kejì 2024, àhesọ gba gbogbo Nàìjíríà kan. Àwọn olùwádìí Amẹ́ríkà wá sọ pé awakọ̀ tẹ̀síwájú nínú ojú ọjọ́ tí ó burú ní òru, títí tí kò fi mọ òkè yàtọ̀ sí ilẹ̀ mọ́. Mo mẹ́nu ba èyí kí ẹ lè mọ̀ pé ìwádìí òtítọ́ kì í ti ilé wá pẹ̀lú ìdáhùn lápò. Ibi tí ẹ̀rí bá tọ́ka sí ni ó ń lọ.

Báwo wá ni a ṣe ń ṣe ìwádìí náà? Lẹ́yìn àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè bá ara wọn ṣe ní Chicago ní ọdún 1944, wọ́n fi àwọn àfikún kan sí i. Àfikún kẹtàlá ni ó sọ nípa ìwádìí ìjàm̀bá, ó sì sọ ọ́ kedere pé ìdí ìwádìí náà ni láti dènà ìjàm̀bá mìíràn, kì í ṣe láti pín ẹ̀bi tàbí láti wá ẹni tí a óò jẹ níyà. Ilé ẹjọ́ ni iṣẹ́ yẹn wà fún. Nítorí náà ni a ṣe ń wá àpótí tí a ń pè ní dúdú, tí àwọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ti ọsàn kí ojú lè tètè rí i, èyí tí ó gba ohùn àwọn awakọ̀ àti ìrìn ọkọ̀ sílẹ̀. Ní Nàìjíríà, òfin ọkọ̀ òfuurufú ti ọdún 2006 ni ó fi ìdí àjọ tí ń ṣe iṣẹ́ yìí múlẹ̀ ní òmìnira. AIB ni a ń pè é nígbà náà. Òfin ọdún 2022 sọ ọ́ di NSIB, ó sì fi ìjàm̀bá ọkọ̀ ojú irin àti ti ojú omi kún iṣẹ́ rẹ̀. Ìwé ìjábọ̀ tí irú àjọ bẹ́ẹ̀ ń kọ kì í ṣe àṣírí. Fún gbogbo ènìyàn ni.

Kí ni ọ̀rọ̀ yìí wá ń béèrè lọ́wọ́ àwa tí a jókòó síhìn-ín? Ohun mẹ́ta ni.

Èkíní ni ti ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọwọ́ kan irin, ìbáà jẹ́ ti hẹlikópítà, ti ọkọ̀ ojú omi, tàbí ti bọ́ọ̀sì tí ń kó wa relé ní ọdún Kérésìmesì. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ sí ìwé pé ẹ ti yẹ ohun tí ẹ kò yẹ̀ wò. Ẹ má sì bínú sí ọmọdé ibi iṣẹ́ tí ó bá ní òun rí nǹkan. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

Èkejì ni ti ẹ̀yin tí ẹ ń wọ̀ ọ́. Bí ẹ bá gbọ́ ìró tí kò rí bí ti àtẹ̀yìnwá, ẹ sọ ọ́. Ìtìjú kò sí níbẹ̀. Ẹni tí ó wọ ọkọ̀ kan náà ní ọgọ́rùn-ún ìgbà ti di ẹlẹ́rìí, bí kò tilẹ̀ mọ orúkọ nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo.

Ẹ̀kẹta ni ti àwa ìdílé. Bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀, a óò sọkún, a óò sì sin òkú wa bí ó ti yẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ má jẹ́ kí a gba ìdákẹ́jẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìtùnú. Ẹ béèrè ìwé ìjábọ̀. Ẹ wá ẹni tí yóò kà á fún yín. Ìdílé tí ó bá ní "ó ti ṣẹlẹ̀ ná, kí a fi sílẹ̀" lè rò pé sùúrù ni òun ń ṣe, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀tì tí ó tú lára ọkọ̀ tiwọn ń bẹ lára ọkọ̀ ọmọ ẹlòmíràn.

Mo ti padà lọ bá ìyá wa ní Aladja. Mo sọ fún un pé: "Ìyá, ẹ bi mí bóyá àmúwá Ọlọ́run ni tàbí ọwọ́ ayé. N kò rí i kà níbì kankan pé Ọlọ́run ni ó ń tú nọ́ọ̀tì. Ọwọ́ ayé ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tí ẹ ń bẹ̀rù. Ọwọ́ tí ó rọ irin ni, ọwọ́ tí ó dì í, ọwọ́ tí ó yẹ̀ ẹ́ wò, àti ọwọ́ tí ó fọwọ́ sí ìwé. Bí àwọn ọwọ́ wọ̀nyí bá ṣiṣẹ́ wọn bí iṣẹ́, ọmọ yín yóò lọ, yóò sì bọ̀." Ìyá náà wò mí fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó béèrè pé: "Fadá, ta ni ń wo àwọn ọwọ́ náà?"

Ìbéèrè rẹ̀ dára ju tèmi lọ, mo sì fi í sílẹ̀ fún gbogbo wa. Títí di ìgbà tí a óò tún pàdé lórí ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì, kí Ọlọ́run ṣọ́ àwọn tí ń bẹ lójú òfuurufú àti àwọn tí ń bẹ lórí omi, kí ó sì mú wa rántí àwọn tí kò dé. Ó dàbọ̀ o.